Ọmọ Kì Í Gba Owó Oṣù

Ẹni tó bá sọ fún yín pé Òkè Ọya gbóná, ẹ bi í bóyá ó ti dúró rí nínú yàrá yìnyín lásìkò tí ọyẹ́ ń jà ní Zaria. Èmi ti dúró. Níta, ọyẹ́ ń la ètè ènìyàn bí ẹni ń la obì. Nínú, ẹja òkú Èkó tò gbọọrọ nínú páálí, wọ́n ń wò mí láìṣẹ́jú. Inú òtútù ni mo ti ń jáde bọ́ sínú òtútù. Àwọn Hausa tó bá ń kọjá á kí mi pé, "Ya sanyi?" Wọ́n ń béèrè pé òtútù ńkọ́. Ìkíni wọn ni, bí àwa náà ṣe ń kí ara wa kú ọ̀gìnnìtìn. Ṣùgbọ́n lọ́dún tí mo kọ́kọ́ dé, mo rò pé wọ́n ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Yorùbá ni mo fi ń dá wọn lóhùn: "Ó wà nínú egungun mi. Ẹ wá bá mi yọ ọ́."

Mi ò ní fi ọ̀rọ̀ mọ́tò àti ojú ọ̀nà dá yín dúró. Mọ́tò ni mọ́tò. Ohun tó gbé mi wá ni kí ẹ gbọ́.

Ìlú wa kò jìnnà sí Ògbómọ̀ṣọ́. Ìwé mẹ́fà ni mo kà, ìyẹn náà, àánú olùkọ́ ló gbé mi débẹ̀. Obìnrin kan wà, ọmọ ìlú wa, tí wọ́n bí sí Zaria nígbà tí bàbá rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ rélùwéè. Ó ń ta ẹja yìnyín ní PZ, níbi tí kátàkárà Zaria pọ̀ sí jù, gbogbo ayé sì ń pè é ní Màámi PZ. Wọ́n ní ìyá ìyá rẹ̀ àti bàbá bàbá mi jẹ́ ọmọ ìyá kan náà. Nígbà mìíràn wọ́n á ní ọmọ agboolé kan náà ni wọ́n. Bí ọ̀rọ̀ bá ṣe rí lọ́jọ́ náà ni àwọn òkú yìí ṣe ń sún mọ́ra.

Ó wálé wá sìnkú, ó rí mi níbi tí mo ti ń fọ abọ́ tí mi ò jẹun nínú rẹ̀. Ó yíjú sí ìyá mi.

"Ẹ fún mi lọ́mọ yìí. Màá máa sanwó oṣù fún un, tó bá sì tó àkókò, màá ṣí ṣọ́ọ̀bù fún un. Ẹ má wò ó bí iṣẹ́ o. Ọmọ mi ni."

Ìyá mi kúnlẹ̀. Èmi náà kúnlẹ̀. Ibẹ̀ ni orúnkún mi ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ṣáájú ọwọ́ mi.

Mo rò pé ilé rẹ̀ ní GRA ni màá máa gbé, níbi tí igi máńgòrò ti ń yọjú lórí fẹ́ǹsì. Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n tẹ́ ẹní mi sí, láàárín páálí òfìfo àti jẹnẹrétọ̀. Àwọn ọmọ rẹ̀ ló ń gbé inú máńgòrò. Hausa ni wọ́n ń bá ara wọn sọ. Tí mo bá sọ Yorùbá, wọ́n á bú sẹ́rìn-ín pé ohùn mi dún bíi ti bàbá àgbà àwọn tó ti kú. Mo ní kò burú, ẹ ṣáà dọ̀bálẹ̀ kí bàbá yín.

Ẹja kì í sùn, ẹni tó ń tà á kò sì gbọdọ̀ sùn. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ni ọkọ̀ tó ń kó o wá ti ń fọn fèrè. Màá ru páálí wọlé, màá gbé yìnyín ńlá náà sókè, màá là á mọ́lẹ̀ kí ẹja tó lẹ̀ pọ̀ nínú rẹ̀ lè tú ká. Ọwọ́ mi wú, èékánná mi dúdú. Tí àwọn mọ́ṣáláṣí bá ti kírun alẹ́ tán, tí àwọn aládùúgbò ti ń tilẹ̀kùn, Màámi á kó mi sínú ọkọ̀ lọ sí GRA kí n lọ gún iyán. Ní ọjọ́ Sunday, tí a bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, a ó ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn fún àwọn oníbàárà tí kò bẹ̀rù Ọlọ́run.

Mo bi í lẹ́ẹ̀kan pé ìgbà wo ni mo máa ń sinmi.

"Ọmọ kì í wo aago nínú ilé ìyá rẹ̀," ó ní.

Òtítọ́ ni. Kò tiẹ̀ sí aago níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ bí mo ṣe ń gba owó oṣù mi, torí pé ẹ ò ní gbà mí gbọ́.

Tí oṣù bá parí, Màámi á pè mí síwájú ṣọ́ọ̀bù, níṣojú oníbàárà. Á ka owó náà sí àtẹ́lẹwọ́ mi ní oókan-oókan. "Gbà, ọmọ mi, owó oṣù rẹ nìyí." Èmi á kúnlẹ̀. "Ẹ ṣé, Màámi. Ẹ ó jẹun ọmọ." Àwọn oníbàárà á máa mi orí pé ẹ wo ìyá rere. Tí a bá wá wọlé dé ìdí ẹ̀rọ yìnyín, á na ọwọ́.

"Mú un wá kí n bá ọ tọ́jú ẹ̀. Olè pọ̀ ní PZ."

Màá fi ọwọ́ méjèèjì dá a padà, màá sì tún kúnlẹ̀. Owó náà mọ àtẹ́lẹwọ́ mi dáadáa, àpò mi ni kò mọ̀. Náírà kan wà níbẹ̀ tí ẹnì kan ti fi bírò ya ọkàn sí létí. Ó tó oṣù mélòó kan tí mò ń bá a pàdé. A ti di ọ̀rẹ́.

Kí ẹ má rò pé òmùgọ̀ ni mí o. Ní ilé wa, ẹni tó fẹ́ràn rẹ ló ń bá ọ tọ́jú owó. Nígbà tí mo wà ní kékeré, owó ọdún tí àwọn àlejò bá fún mi, ìyá mi ló ń bá mi tọ́jú ẹ̀. Títí di òní, ó ṣì ń bá mi tọ́jú ẹ̀.

Bí ẹnìkan bá sì béèrè pé kí ló dé tí mi ò kọ̀, màá bi í pé ta ni màá kọ̀ fún? Àlejò ni mí. Àwọn Hausa ń pè mí ní Bayarabiya, obìnrin Yorùbá, bí ẹni pé orúkọ tí wọ́n sọ mí lọ́jọ́ kẹjọ nìyẹn. Ẹnì kan ṣoṣo ló ń pè mí lọ́mọ ní gbogbo Zaria. Ohun tí ọ̀rọ̀ yẹn ń ṣe fún ẹni tó wà nílẹ̀ òkèèrè, ẹni tí kò kúrò nílé rí kò lè mọ̀ ọ́n. Wọ́n á pè ọ́ lọ́mọ lẹ́ẹ̀kan, wàá ru páálí mẹ́ta.

Fóònù Màámi ni mo kọ́kọ́ ń fi pe ilé. Á gbé ohùn fóònù náà síta kí òun náà lè gbọ́, á jókòó tì mí. Ìyá mi á bẹ̀rẹ̀ sí í dúpẹ́ kó tó kí mi.

"Ṣé ò ń gbọ́ràn sí Màámi rẹ lẹ́nu?"

"Mò ń gbọ́, Ìyá mi."

"Ṣé o ti sanra?"

Màá wo Màámi. Màámi á wo òrùlé. "Mo ti sanra, Ìyá mi."

Nígbà tó yá, oníbàárà kan fún mi ní fóònù kékeré kan tí ojú rẹ̀ ti là. Orí fóònù yẹn ni ìyá mi ti sọ pé ojú òun ń ṣú, pé ó dà bí ẹni ta ìkéèlè fún òun láti inú. Wọ́n ní ọsibítù lè ṣí i, ṣùgbọ́n kí ó má pẹ́ o, torí tó bá pẹ́ jù, kò ní ṣeé ṣí mọ́.

Inú mi dùn. Ẹ dárí jì mí, inú mi dùn lóòótọ́. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn láyé mi tí màá lè sọ ọ̀rọ̀ bí ènìyàn ńlá.

"Ẹ má dààmú, Ìyá mi. Owó mi wà lọ́wọ́ Màámi."

Mo bá Màámi nídìí kántà, ó ń jẹ gúgúrú.

"Màámi, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ gba owó mi fún ojú ìyá mi."

"Owó wo?"

"Èyí tí ẹ ń bá mi tọ́jú."

Ó rẹ́rìn-ín títí gúgúrú fi pá a lórí. Èmi ni mo gbé omi fún un.

"Ìwọ ọmọ yìí! Nígbà tí wọ́n mú iná lọ tí ẹja bàjẹ́, owó ta ló bá a lọ? Oúnjẹ tí ò ń jẹ ńkọ́? Ibi tí ò ń sùn ńkọ́? Àti pé, ṣé mi ò san owó rẹ lóṣooṣù ni? Lójú gbogbo PZ! O kúnlẹ̀, o dúpẹ́. Àbí o ò dúpẹ́?"

Mo dúpẹ́. Ìyẹn ló dùn mí jù. Ọpẹ́ tí mo dá ló fẹ́ fi jẹ́rìí mọ́ mi.

Ọkùnrin kan ń ta àlùbọ́sà ní òdì kejì wa, Málàmù Sani. Ó gbọ́ Yorùbá bí ẹni pé ó jí i kó ni. Lójoojúmọ́ ló ń fi mí ṣe ẹ̀fẹ̀ pé, "Bayarabiya, o ò nílé ni? Àlùbọ́sà mi gan-an ń sinmi ní Jímọ́ọ̀." Mo lọ bá a, mo rò ó fún un. Ó gbọ́ ọ tán, ó mirí.

"Kai. Mo rí i o. Oṣooṣù ló ń fún ọ. Ojú mi yìí ló rí i. Tí wọ́n bá bi mí, màá sọ pé mo rí i."

Mo yíjú pé kí n máa lọ.

"Dúró," ó ní. Ó ń bó èèpo àlùbọ́sà kan láìwo ibẹ̀. "Láti ọjọ́ tí o ti dé, o ò ra àlùbọ́sà kan ṣoṣo lọ́wọ́ mi rí fún ara rẹ. Bàtà kan náà. Hìjáábù kan náà."

"Gèlè ni, Málàmù."

"Gèlè kan náà. Ẹni tó ń gbowó lóṣooṣù kì í ra nǹkan kan? Wallahi, owó yẹn kò dé ọwọ́ rẹ. Ìyẹn náà, tí wọ́n bá bi mí, màá sọ ọ́." Ó ju èèpo nù. "Ẹ̀tọ́ rẹ ni. Àwọn tiwa ní kí wọ́n san owó òṣìṣẹ́ kí òógùn rẹ̀ tó gbẹ."

"Tèmi ò lè gbẹ, Málàmù. Ó ti di yìnyín."

Ó rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo wá sunkún díẹ̀, mo di ẹ̀bi rẹ̀ ru àlùbọ́sà.

Àwọn ará ìlú wa ní ìpàdé ní Sábó, àdúgbò àwọn àlejò ní Zaria, lẹ́yìn ìsìn, Bàbá Alága sì ni àgbà wọn, ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ rélùwéè. Ibẹ̀ ni mo kọ́kọ́ gbé ọ̀rọ̀ lọ, torí pé wọn kì í gbé ọ̀rọ̀ ilé lọ sóde. Mo rojọ́. Màámi kò tiẹ̀ rojọ́, ó kàn ń fi aṣọ nu ojú. Bàbá Alága ní, "Ọmọ mi, ìyá kì í jẹ ọmọ ní gbèsè. Kúnlẹ̀ kí o bẹ̀ ẹ́."

Mo kúnlẹ̀. Orúnkún mi ti mọ iṣẹ́ rẹ̀. Wọ́n gbàdúrà, wọ́n pín bísíkíìtì àti míníràlù, Màámi sì gbé mi dìde, ó dárí jì mí. Owó mi tó jẹ, ó dárí ẹ̀ jì mí. Gbogbo wọn ṣe àmín. Mo mu míníràlù mi tán pátá, kí nǹkan kan lè bọ́ sọ́wọ́ mi lọ́jọ́ náà.

Ní ọjọ́ yẹn ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í ro ọ̀rọ̀ ìbátan. Èwo ló sàn, kí ènìyàn jẹ́ àlejò tó ń gbowó rẹ̀, tàbí ọmọ tí wọ́n ń bá tọ́jú ẹ̀?

Málàmù Sani ló júwe ọ́fíìsì ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ fún mi. Obìnrin onígíláàsì kan ló gbọ́ tẹnu mi, Hajiya ni gbogbo wọn ń pè é. Hausa la fi sọ ọ́, torí pé ẹja ti kọ́ mi ní Hausa. Mo kọ́kọ́ sọ fún un pé mi ò ní ìwé kankan tó fi hàn pé mò ń ṣiṣẹ́.

"Ọ̀gá rẹ ló yẹ kó fún ọ níwèé," ó ní. "Bí kò bá fún ọ, ẹ̀bi rẹ kọ́. Aago mélòó lo máa ń bẹ̀rẹ̀? Aago mélòó lo máa ń parí?"

Mo sọ fún un. Ó yọ gíláàsì.

"Gbọ́. Ọwọ́ òṣìṣẹ́ ni owó iṣẹ́ gbọ́dọ̀ bọ́ sí, kò sì gbọdọ̀ ju oṣù kan lọ. Ọ̀gá kò láṣẹ láti yàn fún ọ bí o ṣe máa ná an, kò sì lè gbà á padà kó ní òun ń tọ́jú ẹ̀. Iṣẹ́ tó bá ju wákàtí tí ẹ jọ fi ẹnu kò sí lọ, owó wà lórí rẹ̀. Nínú ọjọ́ méje, ọjọ́ kan odindi jẹ́ ti ìsinmi rẹ."

Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ bọ́ lẹ́nu mi. "Hajiya, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tún ti ìsinmi yẹn sọ."

Ó tún un sọ. Ó dùn ju orin lọ.

Ó ránṣẹ́ pe Màámi. Màámi wọ léèsì wá, Bàbá Alága tẹ̀lé e pẹ̀lú fìlà tuntun, Málàmù Sani náà jókòó sí igun kan. Kí Hajiya tó la ẹnu, Màámi ti bẹ̀rẹ̀.

"Hajiya, ọmọ mi ni o. Kì í ṣe òṣìṣẹ́. Ẹ bi í, kí ló ń pè mí? Màámi! Ọ̀rọ̀ ìyá àti ọmọ, kí ni ìjọba ń wá níbẹ̀?"

"Ọ̀rọ̀ ẹbí ni," Bàbá Alága gbè é lẹ́sẹ̀. "Èmi jẹ́rìí."

Hajiya gbé bírò sílẹ̀. Ó wò mí bí ẹni tó fẹ́ sọ ohun tí kò wù ú sọ. "Tó bá jẹ́ ọmọ ẹbí rẹ̀ ni ọ́ lóòótọ́, òfin òṣìṣẹ́ yìí kò ní lè gbà ọ́."

Mo rí ojú ìyá mi tó ń pa dé. Mo rí i kedere. Gbogbo ọdún tí mo fi ń la yìnyín mọ́lẹ̀, ọ̀rọ̀ kékeré kan ló fẹ́ gbé e lọ, ọ̀rọ̀ tó ti ń wù mí tẹ́lẹ̀ kí wọ́n máa fi pè mí. Mo dìde. Mi ò kúnlẹ̀.

"Màámi, ẹ ṣé. Inú mi dùn. Hajiya, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọmọ ni mí, Bàbá Alága sì jẹ́rìí. Lónìí yìí ni màá kó ẹní mi wá sí GRA. Yàrá àwọn ọmọ ìyá mi á gbà mí. Ẹ̀yin náà ẹ má gbàgbé, Bàbá: lọ́jọ́ alẹ́, tí a bá ń pín ogún Màámi, ṣọ́ọ̀bù PZ ni kí ẹ fi ṣe ìpín tèmi. Èmi ni mo mọ ibi tí ẹ̀rọ yìnyín ti ń bàjẹ́."

Màámi fò sókè bí ẹni tí eèrà bọ́ sí láṣọ.

"Ọlọ́run má jẹ́! Ogún wo? Ta ló bí ọ mọ́ wọn? Àwọn ọmọ tí mo bí wà ní yunifásítì! Ìwọ tí mo gbà síṣẹ́ ẹja, tí mò ń sanwó oṣù fún!"

Bàbá Alága ṣí fìlà, ó ń wo inú rẹ̀ bóyá ọ̀rọ̀ kan wà níbẹ̀. Hajiya rọra gbé bírò rẹ̀.

"Madam, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún ìyẹn sọ. Ẹ rọra sọ ọ́, kí n lè kọ ọ́ dáadáa."

Ìyókù kò dùn tó bẹ́ẹ̀. Málàmù Sani sọ ohun tó rí àti ohun tí kò rí mi rà. Wọ́n ní kí Màámi mú ẹ̀rí wá pé owó náà ṣẹ́kù sí mi lọ́wọ́, kò rí ẹ̀rí mú wá. Ó gbà láti máa san án díẹ̀díẹ̀ níwájú Hajiya. Ti wákàtí àṣekún, díẹ̀ péré ni mo rí gbà, wọ́n ní ta ló bá mi ka wákàtí. Ọyẹ́ ló bá mi kà á, ọyẹ́ kì í wá jẹ́rìí.

Owó náà rọra rìn; bó bá ṣe ń bọ́ sí mi lọ́wọ́ ni mo ń fi í ránṣẹ́ sílé. Kó tó pé, ojú ọ̀tún ìyá mi ti lọ. Ti òsì ni wọ́n rí ṣí. Nígbà tí wọ́n tú aṣọ kúrò níbẹ̀, mo pè é. Mo fẹ́ gbọ́ kí ó dúpẹ́ lọ́wọ́ èmi, ẹ ò rí i pé ènìyàn ni mí.

"Màámi rẹ ti pè mí," ìyá mi ní, ohùn rẹ̀ ń dán. "Ó ní òun ló ń fi owó ojú rán ọ sí mi. Ọlọ́run á gbọ́ tirẹ̀! Ìyá rere! Ṣé o ti dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀?"

Mo wo fóònù náà. Ẹ̀rín gbé mi, ẹ̀rín tó ń dun ènìyàn níhà. Kí ni màá sọ? Ojú kan ló kù fún un, ṣé kí n fi òótọ́ gún un?

"Mo ti dúpẹ́, Ìyá mi. Oṣooṣù."

Mo ní ṣọ́ọ̀bù tèmi ní Sábó báyìí, fírísà àlòkù kan àti tábìlì tí mo fi ìyókù owó náà rà. Àwọn ará ìlú wa ń kí mi láti òkèèrè, bí ẹni kí ajá tó ti gé ènìyàn jẹ rí. Kò sẹ́ni tó ń pè mí lọ́mọ mọ́ ní Zaria. Ibẹ̀ dákẹ́ rọ́rọ́, nígbà mìíràn ó dákẹ́ jù. Opó kan ń bá mi ṣiṣẹ́. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ dé, ó fẹ́ pè mí ní Màámi, mo ní kó pe orúkọ mi. Òṣìṣẹ́ ni agbára mi ká, kò tíì ká ọmọ.

Tó bá di ọjọ́ Sunday, mo máa ń tilẹ̀kùn, màá gbé àga síta, màá na ẹsẹ̀ sínú oòrùn. Àwọn oníbàárà á wá, wọ́n á rí àgádágodo, wọ́n á rí èmi.

"Ṣé kò sí ẹja ni?"

"Ẹja wà," màá ní. "Èmi ni mi ò sí."